Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Wa Di Kírítíkà

                                        Yàrá Kẹsàn-án,
                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Iná Átọ́ọ̀mù.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Nọ́ọ̀sì mi, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yéé bu ara wọn jẹ? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ojú ló kàn ń tì mí. Gbogbo ilé-iṣẹ́ wa ló ti mọ ìyá mi báyìí, ìwọ nìkan ló sì kù tí mi ò tíì fẹnu ara mi ròyìn fún.

O mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ tó ń la átọ́ọ̀mù láti fi pèsè iná ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi pa á tá à ń tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a tún un tàn, ó sì di kírítíkà. Nọ́ọ̀sì, má tíì pariwo! Lọ́dọ̀ tiyín, bí wọ́n bá ní aláìsàn ti di kírítíkà, kí ẹbí yáa wá ibi jókòó ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ó túmọ̀ sí pé iná ti ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ayọ̀ ni. Nígbà tí mo jáde lọ mu omi, mo mú fóònù nínú àpótí tá a máa ń tì í mọ́, mo kọ̀wé sí màmá mi pé: "Màmá, ó ti di kírítíkà o! Ẹ má pè mí, mi ò ní lè gbé e." Mo pa fóònù, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni dókítà sọ fún wọn nípa bàbá mi, kò sì ju wákàtí méjì lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí bàbá fi kú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Màmá fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ màṣíìnì, wọ́n kó kúbùsù, aṣọ àwọ̀sùn mi àti káàdì ọsibítù tí mo ti ń lò láti kékeré, wọ́n sì ké sí àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀. O ṣáà mọ ọkọ̀ wọn, èyí tí okùn di ilẹ̀kùn ẹ̀ mú.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, ló pàdé wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi wà nínú ilé yìí. Wọ́n ló ti di kírítíkà."

"Òótọ́ ni, Màmá," ni ọkùnrin náà dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ kú oríire! Gbogbo wa là ń dúpẹ́."

"Ẹ ń kí mi kú oríire?"

"Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tá a ti ń retí ẹ̀. Ọ̀gá àgbà tiẹ̀ ti ra bisikíìtì."

Ọ̀rẹ́ mi, ìyá mi já fìlà lórí ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì fi ń nà án. Bàbá Kékeré ní tiwọn jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò ní kọjá títí wọ́n á fi gbé ọmọ àwọn jáde.

Nígbà tí ariwo dé ọ̀dọ̀ wa, èmi àti ọ̀gá mi obìnrin sáré jáde. Màmá rí mi lórí ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n fọwọ́ wọn èjìká mi, wọ́n wọn apá, wọ́n wọn ìbàdí, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ rán aṣọ fún mi, ẹkún sì gbọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Mo bẹ̀bẹ̀ títí ohùn fi há.

Ọ̀gá mi ló gbà mí sílẹ̀. Ó bi wọ́n pé: "Màmá, tí oníbàárà kan bá gba aṣọ ẹ̀ lọ, tó júwe yín fún ẹyọ ẹnì kan, tí ìyẹn náà tún júwe yín fún ẹyọ ẹnì kan, ṣé iṣẹ́ á tán?"

Màmá ní kò ní tán, kò sì ní pọ̀ jù.

"Ohun tí átọ́ọ̀mù ń ṣe nínú ẹ̀rọ wa nìyẹn. Ọ̀kan á là, òun náà á la ọ̀kan. Tí kò lé, tí kò dín, a ní ó ti di kírítíkà."

"Tí ọ̀kan bá wá ń la méjì ńkọ́?"

"A ní ọ̀pá tá a máa ń tì bọ̀ ọ́ láti fi kó o níjàánu."

Màmá nu imú, wọ́n ronú díẹ̀. "Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ṣọ́ọ̀bù mi ti di kírítíkà nìyẹn." Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kì í lo ọ̀rọ̀ náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọkọ̀ Bàbá Kékeré kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ wá bá mi tì í," ni wọ́n ń ké, "tèmi ò tíì di kírítíkà!" Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n nà ló kọ́kọ́ fèjìká tì í. Màmá bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó wá wọn ara, àwọn máa rán ṣòkòtò tuntun fún un.

Mo rò pé ó ti parí, àfi bí wọ́n ṣe yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Abẹ́rẹ́," wọ́n rọra fi ìnagijẹ ìgbà èwe mi pè mí, "ohun tí ọ̀gá rẹ sọ yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ìwọ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn tó mi."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mò ń kọ ránṣẹ́ láràárọ̀ nìyẹn. Èsì wọn kì í ju "Ó dáa" lọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, bí wọn ò bá ní bù ọ́ jẹ. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ àwọn dókítà yín kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn lò. Àwa ò ní fi tiwa sílẹ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ láìyẹ̀,
                                        Abẹ́rẹ́.