Ọwọ́ Tó Gbé Ológbò Dìde

                                        Ilé Onílẹ̀kùn Búlúù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìlọta,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kú làálàá iṣẹ́. Ṣé ara ọkọ yín ti yá, àbí inú rírun yẹn ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu? Àbíkẹ́yìn yín ńkọ́? Ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù, àbí ó ṣì ń fi èrìgì bá ẹran jà? Ní tèmi, ara le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ṣì ń pariwo bí ìyá ọkọ. Ọkàn mi nìkan ni kò le.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Àga Bàámi kò jìnnà síbi tí mo ti ń ránṣọ, etí wọn sì ṣì mú. Ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù, pé àbúrò wa já láti orí òrùlé, pé ó fi ẹsẹ̀ pa, kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ẹ mọ bí Ológbò àbúrò wa ṣe máa ń yan lórí igi òrùlé bí ẹni tó wà nínú pálọ̀. Torí ẹ̀ làwọn káfíńtà ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹ̀yìn ológbò kì í sáà balẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ilé alájà kan ni wọ́n ń kan páànù sí. Ó tẹ igi kan tí wọn ò tíì kàn pa, igi yí, òun náà sì já. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀.

Ẹ rántí àṣà wọn níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá já, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Kíá ni wọ́n á fà á dìde, wọ́n á ní kó fọwọ́ kan àkàbà, kí ẹ̀rù òkè má baà mú un títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá Bàámi ṣe fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni Bàámi náà ṣe fún gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ń po símẹ́ǹtì sọ fún mi pé Ológbò ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, pé ó bẹ Bàámi kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀, ẹ̀yìn ń dun òun. Bàámi ní ọkùnrin kì í sùn síbi tó já sí. Wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, wọ́n gbé e nàró, orí rẹ̀ ń mì síwá mì sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan àkàbà, Àǹtí mi. Ó gbìyànjú, ó fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn ni orúnkún méjèèjì yẹ̀, wọ́n sì ká a sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹní.

Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní egungun ẹ̀yìn ló sán nígbà tó já, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó ṣì ń mi ẹsẹ̀ nílẹ̀, a jẹ́ pé fífà tí wọ́n fà á dìde ló ba iṣan inú rẹ̀ jẹ́. Ó ní òun ò lè ṣèlérí pé á rìn mọ́.

Mo sọ fún Ológbò, torí ó ń wo ojú mi, ojú sì lọ̀rọ̀ wà. Kò sunkún. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún Bàámi. Àwọn ló ń gbé mi wẹ̀. Tí wọ́n bá fi lè mọ̀, wọn ò ní lè fọwọ́ kàn mí mọ́."

Èmi ni mo sunkún. Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì ní kí n bọ́ síta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ mí ní Rédíò, ẹ ò ní gbà gbọ́ pé mo pa ọ̀rọ̀ náà mọ́, àmọ́ mo pa á mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba oògùn. Nọ́ọ̀sì yẹn ní bàbá wa ti wá, àwọn nìkan. Wọ́n bi í pé tí wọ́n bá fi apá fa ẹni tó já láti òkè dìde, kí ló lè ṣe é. Kò mọ ẹni tó fà á, ló bá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní Bàámi dúpẹ́, wọ́n sì ní kó kọ́ àwọn bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàámi ni mo bá tí wọ́n nà gbalaja lórí iyẹ̀ pákó, tí àwọn káfíńtà yí wọn ká. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pàṣẹ. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa ẹni tó já dìde, àfi tí iná bá ń bọ̀ tàbí tí ògiri bá fẹ́ wó. Kí wọ́n pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa bá a sọ̀rọ̀. Tó bá di dandan kí wọ́n gbé e, kí ọwọ́ pọ̀, kí orí àti ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ yí pa pọ̀ bí ìtì igi, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn tuntun kan bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún ẹni tó kúnlẹ̀ síbi orí wọn pé: "Fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun..." Wọn ò lè parí òwe náà.

Àwọn káfíńtà gbé Bàámi, wọ́n sì sọ wọ́n kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ó ti parí, kí Ọ̀gá máa dìde. Bàámi ò dìde. Wọ́n gbé apá bojú, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n sùn díẹ̀." Kò sẹ́ni tó fà wọ́n.

Àárọ̀ yìí náà, Bàámi gbé Ológbò wẹ̀. Ológbò rò pé Bàámi ò mọ̀, Bàámi náà sì rò pé Ológbò ò mọ̀. Èmi ni mo mọ ti àwọn méjèèjì, ó sì wúwo jù mí lọ, ni mo ṣe bù nínú rẹ̀ lé yín lórí. Ẹ má bínú. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má bi Bàámi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ sáà kí wọn kú iṣẹ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kẹ́ ẹ bá mi fa aláìléyín yẹn létí.

Èmi àbúrò yín tí ẹnu rẹ̀ ti wá di pípa,
Rédíò