Àpótí Tí Wọ́n Ṣí Ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere

Ilé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Ajé, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé-Ẹ̀kọ́,
Yàrá Kẹta, Òkè Ilé Ìkàwé.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ SUN ÀWỌN ÌWÉ INÚ ÀPÓTÍ LẸ́ŃTÌ LÓJÚ ÀWỌN ỌMỌ

1. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì kẹfà. N kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù.

2. Ní gbogbo àsìkò Lẹ́ńtì, àpótí onígi kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ń dùn ún lọ́kàn sórí ìwé, á ká a, á jù ú sínú rẹ̀. Àlùfáà ilé-ẹ̀kọ́ á sì sun gbogbo rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere láìka ìkankan. Ìlérí tí a ṣe fún wọn nìyẹn.

3. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣí àpótí náà. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tí kò tíì kọ tirẹ̀. Ibi tó ti ń fi orúkọ wé rẹ́jísítà ló ti rí ìwé ọmọ mi. Níbi àpéjọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kà á sétí gbogbo ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ọkàn líle. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ilé tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀?

4. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Mo gbàdúrà kí Màmá Àgbà tètè kú, kí Mọ́mì lè rí oorun sùn." Ìyá mi ni Màmá Àgbà. Oṣù méje ló fi dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ yìí ń sùn. Ọmọ yìí ló ń bá mi yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi ṣíbí fún un lómi. Ìyá mi a máa pè é ní "Dókítà mi tí kò lọ Yunifásítì". Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú Lẹ́ńtì ni ìyá mi kú.

5. Láti ọjọ́ àpéjọ yẹn, "Ẹ káàárọ̀, mà" nìkan ló ń jáde lẹ́nu ọmọ mi. Ó ti gbé ẹní rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbà pé àdúrà òun ló pa ìyá àgbà. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbà mí gbọ́, torí mo wà lára àwọn tó ní ẹnikẹ́ni kò ní ka ìwé náà.

6. N kò lè na ìka ẹ̀bi sí igbákejì ọ̀gá nìkan. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ kì í kọ orúkọ sí ìwé yìí. Èmi ni mo dá a lábàá lọ́dún yìí pé kí wọ́n kọ orúkọ àti kíláàsì sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ tí kò bá ní àkọsílẹ̀, a kò lè mọ ibi tó dé. Àlùfáà nìkan ló ta kò mí: "Màmá, ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹrù ọjà tí à ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí lára." Mo ní kó má fi àkókò wa ṣòfò.

7. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. N kò ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ àpótí lónìí, kí ẹ fi lé àlùfáà lọ́wọ́. Kí igbákejì ọ̀gá tọrọ àforíjì níbi àpéjọ kan náà. Èmi náà yóò dúró tì í, n ó sọ tèmi. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìwé rẹ̀ sínú iná.

8. Mo fi ìwé kan mọ́ lẹ́tà yìí, mo ti ká a. N kò kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi jù ú sínú àpótí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìrònúpìwàdà,

Ìyá Ọmọ Kíláàsì Kẹfà,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí.