Orúkọ Tí Ìyá Mi Ń Pè Nírọ̀lẹ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níbí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ṣọjí àti ìyàwó rẹ̀, mo kí Fúnmi àbígbẹ̀yìn wa tí mo gbọ́ pé ó ti ga jù mí lọ. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Lẹ́tà méjì tí mo fi rán awakọ̀ ní àsìkò tí epo ọkọ̀ di góòlù kò dé Ṣakí. Ṣùgbọ́n Déjì àbúrò mi kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan fo òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìtorí bọ́ọ̀lù ló ṣe ń rà á. Déjì, kà á sókè fún wọn, má fo ibì kankan.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé sí Ìbàdàn náà, àmọ́ ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ṣakí, ètè mi kò tíì là rárá. Òrí tí ẹ dì fún mi ṣì kù nínú ike. Mò ń fi í pa ẹsẹ̀, mo sì máa ń ṣí ike náà nígbà mìíràn kí n kàn lè gbóòórùn ilé. Owó oṣù mi kò tíì tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ra gèlè kan fún yín ní Dùgbẹ̀. Yóò bá ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá rí tó ń lọ sílé.

Ẹ rántí pé ọ́fíìsì kan ní Oníréké ni mò ń gbá, ti àwọn tó ń mú àlejò káàkiri láti wo ìlú. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa sọ fún mi pé ara mi yá, mo sì lọ́yàyà, pé bí mo bá lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, òun yóò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, òun yóò fi mí ṣe amọ̀nà àlejò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò. Màdáámù tó ń kọ́ wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Iwájú dígí ló máa ń ní ká dúró sí, ká máa fi ẹ̀rín kí ara wa káàbọ̀ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá fi Yorùbá dáhùn yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí kíláàsì yóò fi parí.

Bọ̀sẹ̀, ọmọbìnrin tí a jọ gba yàrá, ń kọ́ ọ pẹ̀lú mi. A wá ṣe àdéhùn pé a kò ní sọ Yorùbá nínú yàrá wa mọ́. Ìyá mi, ilé dákẹ́! Bọ̀sẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀wà mi jóná, mo dúró, mò ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí n óò fi bú u. Nígbà tí n óò fi rí i, ẹ̀wà ti tutù, inú mi náà sì ti rọ̀. A kò jà láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ̀rọ̀ inú wa fún ara wa mọ́. Mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì júwe báńkì fún àlejò, mo lè sọ fún un pé kó rọra gun àtẹ̀gùn. N kò tíì mọ bí n óò ṣe fi sọ pé àárò ìyá mi ń sọ mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé tó sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀wù ẹlẹ́wù ni lára mi.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín nìyí. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ní kí n dán iṣẹ́ náà wò. Ó kó àwọn ìyàwó òyìnbó kan tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Olúyọ̀lé fún mi, àti àwọn ọmọ wọn, kí n mú wọn lọ wo ọgbà ẹranko. Òfin kan ṣoṣo ló tẹ̀ mọ́ mi létí: nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wọ bọ́ọ̀sì, kí n ka orí wọn. Mo ní ó dáa. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, mo na ìka, mo wo àwọn ọmọ náà pẹ̀lú irun wọn bí irun àgbàdo, ọwọ́ mi sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo ṣì kéré nígbà tí àlejò kan dúró lágbàlá wa, tó nàka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó kà wá tán, tó ní ọmọ yín mà pọ̀ o. Kí ọdún yẹn tó parí, ibà mú Kọ́lá lọ láàárín wa. Pásítọ̀ wa ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì. Ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Dáfídì ka àwọn ènìyàn rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kà wá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ ó máa pè wá: Ṣọjí, Dúpẹ́, Déjì, Fúnmi. Ẹni tí ẹ bá pè yóò jẹ́, yóò sì wọlé.

Nítorí náà n kò kà wọ́n. Mo fojú wò wọ́n, ó jọ pé wọ́n pé. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Mọ́kọ́lá kí ìyá kan tó figbe ta pé ọmọ òun dà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta! Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ sá lọ, èdè Ṣakí ni mo fi ń bẹ awakọ̀ pé kó yí padà. Ẹ̀yìn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu géètì ni a ti bá ọmọ náà. Obìnrin náà ti pọ̀n ọ́n, ó ń sùn fọnfọn, èèpo ẹ̀pà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ọmọ sunkún, èmi náà sunkún.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní àìbìkítà ni, pé òun yóò fún mi láyè kan sí i, bí n kò bá sì lè ka ènìyàn, kí n padà sídìí ìgbálẹ̀ mi. N kò ṣàlàyé fún un. Ojú ń tì mí pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ nù níbi tí mo ti ń dáàbò bò ó.

Bọ̀sẹ̀ da àdéhùn wa lọ́jọ́ náà, ó fi Yorùbá gbà mí níyànjú pé kí n máa kà wọ́n sínú, pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́. Mo dán an wò lára àwọn adìyẹ ìyá onílé. Ọkàn mi kò gbà á, àní lára adìyẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mò ń bọ̀ láti kíláàsì, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo dúró lójú títì bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí n óò ṣe.

Ní Sátidé tí ọ̀gá tún kó àlejò fún mi, kí bọ́ọ̀sì tó ṣí, mo tọ ìyá kọ̀ọ̀kan lọ, mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, mo kọ wọ́n sínú ìwé. Níbi gbogbo tí a bá ti dúró, n óò dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, n óò máa pè wọ́n bí ẹ ti ń pè wá, n óò fa ìparí orúkọ gùn. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń figbe jẹ́ mi. Àwọn ìyá wọn náà ní kí n máa pe àwọn. Nígbà tí a dé, ọ̀gá bi mí pé àwọn mélòó ni mo kó bọ̀. Mo ní n kò mọ̀, sà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo pè tí kò jẹ́. Ó gba ìwé ọwọ́ mi, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá fi Yorùbá bi mí pé ọmọ ibo ni mí gan-an. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíràn ló gbá ọ́fíìsì.

Ẹ bá mi yọ̀, àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù. Àsìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun ni àlejò ń pọ̀ jù. N kò ní lè wálé. Èyí ni Kérésì àkọ́kọ́ tí n kò ní bá yín gún iyán. Ẹ má gbé tèmi sílẹ̀ dè mí, ẹ fún Fúnmi jẹ, kó tún lè ga sí i.

Nígbà tí Déjì wá kí mi, ó sọ fún mi pé ẹ ṣì ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, pé ẹ ṣì ń pe orúkọ mi láàárín ti Ṣọjí àti tòun, pé ẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó pe èyí tó kàn. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí ẹ pè bẹ́ẹ̀ rí tí kò jẹ́. Ọdún kan gbáko lẹ fi pe Kọ́lá. Ìyá mi, tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ló jìn.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kí ẹ má sunkún ọmọ mọ́. Kí ọwọ́ yín tó tọ́ wa jẹ èrè wa pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí pásítọ̀, ẹ kí àwọn akọrin.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lónìí, ẹ dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí, ẹ pè wá. Déjì, bí wọ́n bá ti pe Ṣọjí tán, tó bá kan orúkọ mi, tètè ka ìlà tó kàn yìí sí wọn létí, má jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́:

Mo wà o, ìyá mi. Mò ń bọ̀.

Èmi Dúpẹ́, ọmọ yín.