Ìpara Tó Wà Léjìká Màmá

Iléṣà,
Ọjọ́ Ajé.

Mukhtar, àbúrò mi,

Mo kí ọ. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ gba kí ara ẹni le kó tó lè kà á tán. Ara tèmi yá, inú mi ni kò dùn. Má retí ọ̀rọ̀ dídùn lónìí.

Màmá rẹ wá bá mi ní ilé ìwòsàn mi níbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọn kò sọ fún ọ. Wọ́n ti ń rí ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá láti ọdún mẹ́fà. Wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: “Rùkáyà, mo rò pé omidan ti padà wọ ara mi ni. Mo ní kí n máa wá ọkọ tuntun.” Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tó tún wá ń rí ẹ̀jẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fi í ṣeré.

Humairah ọmọ rẹ ni wọ́n pọ̀n wá. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀já kí n lè yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé èjìká wọn ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà sì ń dán. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi pa ara. “Ìpara tí ọmọ mi pò fún mi ni. Ó ti lé ooru ara mi lọ. Àràárọ̀ ni mo ń fi pa èjìká, kí n tó pọ̀n Humairah gbálẹ̀.” Mo ní ṣé wọn kì í wọ aṣọ kí wọ́n tó pọ̀n ọ́n. “O ti ń bi mí bí ọlọ́pàá. Ṣé bùbá ni èèyàn ń wọ̀ pọ̀n ọmọ nínú ilé ara rẹ̀?”

Mo gbé ọmọ, mo ṣí aṣọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì, ọmú ń yọ lábẹ́ awọ rẹ̀ bíi kóró àgbálùmọ̀. Ọmú yẹn náà ni o rí, tí o ní Ìwàlẹwà ìyàwó rẹ ló fà á. O ní oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló ń fún ọmọ jẹ. O kó ẹrù rẹ̀ síta ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ó sì padà sílé bàbá rẹ̀ níbí. Màmá tó ti máa ń bá yín pọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, o wá gbé ọmọ fún wọn pátápátá. Ṣé o ò rí i pé lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lọ ni ọmú náà tún tóbi sí i? Apòògùn ni ọ́, Mukhtar. Kí lo rò pé ó ń ṣe ọmọ náà?

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, bí ẹni pé o kò kà á rí. Họ́mónù obìnrin tí o pò sínú ìpara náà, tó ń gba awọ Màmá wọlé, awọ ọmọ tí wọ́n pọ̀n náà ló ń gbà wọlé. Nínú ilé ọmọ Màmá, ńṣe ló ń mú kí ìbòrí inú rẹ̀ nípọn. Họ́mónù kejì ló ń dá a lẹ́kun, ó sì gbọ́dọ̀ tó. Ìwọ po ìyẹn náà mọ́ ìpara, bẹ́ẹ̀ awọ kì í gbà á wọlé tó láti dáàbò bo ilé ọmọ. Mo gé díẹ̀ nínú ìbòrí náà fún àyẹ̀wò. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti yà sí ọ̀nà tó ń lọ síbẹ̀. Ìtọ́jú tí wọn kì bá tí nílò ni wọ́n wá ń gbà lọ́dọ̀ mi báyìí.

O máa ń ní kí àwọn obìnrin tutọ́ sínú ìgò, kí o lè mọ ìwọ̀n tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu. Itọ́ àárọ̀ kò bá ti ìrọ̀lẹ́ dọ́gba, kò sì sí ẹni tó lè ti inú rẹ̀ mọ ìwọ̀n oògùn. O wá lẹ “Tìẹ Nìkan” mọ́ ike. Mo gba ike mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ Màmá, mo kó wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ohun kan náà lo kọ sára gbogbo wọn. Ọ̀kan ní ìlọ́po méjì ohun tí o kọ, òmíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan nínú. Họ́mónù tí o ń pè ní àdánidá yẹn wà nínú oògùn tí wọ́n ti dán wò, tí wọ́n ń wọn ìwọ̀n rẹ̀ kó tó jáde. Ooru tó ń da àwọn obìnrin láàmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ìtọ́jú gidi sì wà fún un. N kò bá ìtọ́jú jà. Ìwọ ni mò ń bá jà.

Mo pè ọ́ lórí fóònù kí n tó kọ̀wé yìí. Kí ni o sọ? “Ẹ̀gbọ́n, ìlara ni ẹ ń ṣe. Àwọn obìnrin ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi, ilé ìwòsàn yín wá dá páropáro.” O sì já fóònù mọ́ mi létí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso oògùn, mo sì ti fi èsì àyẹ̀wò náà sí i. N kò níí gbà á padà, kódà bí gbogbo ẹbí bá kúnlẹ̀.

Ìwàlẹwà wá rí mi ní Sátidé. Kò sunkún rárá. Ó ní, “Àǹtí, ọmọ òṣómàáló ni mí. Bí àwọn baba mi ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni n ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi gbé ọmọ mi fún mi.” N kò tíì sọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà fún un. Kì í ṣe pé mo ń bò ọ́ láṣìírí. Ẹnu tó lé e jáde ni kó wá sọ ọ́, níwájú bàbá rẹ̀, ní Iléṣà níbí. Mo fún ọ di Jímọ̀. Bí o kò bá wá, èmi ni n ó sọ fún un, èmi náà ni n ó wa ọkọ̀ tí yóò gbé e wá sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Àwa méjèèjì ni a ó sì jọ lóṣòó.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ojú tó ń rí àṣìṣe ara rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí kì í rọ lọ́nà àtúnṣe. Kí Ó wo Màmá sàn, kí Ó sì dá Humairah sí fún wa. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Rùkáyà.

Àfikún: Láti ọjọ́ tí Màmá ti wá ni wọ́n ti fi ìpara náà sílẹ̀. Wọ́n gbé Humairah wá lánàá, ọmú náà ti ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e wá láti Òṣogbo, wọn kò pọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yìn àwọn ló ba ọmọ jẹ́. Mo ní kì í ṣe ẹ̀yìn wọn, wọn kò gbà mí gbọ́. Ìyẹn náà, ìwọ ni kí o wá sọ fún wọn.