Oògùn Bàbá Nínú Agolo Bọ́tìnnì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ara Màmá le. Àbíkẹ́yìn wa ti wọ kíláàsì kẹrin. A ti tún òrùlé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Bàbá ṣe, ṣùgbọ́n Bàbá kò ránṣọ mọ́.

Ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù wọn ti tún wú. Tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, irora á gún wọn láti ikùn dé ẹ̀yìn, ni wọ́n bá ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń fi àyà lé tábìlì ìgéṣọ. Dókítà ní kí wọ́n máa lo oògùn ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Lánàá, mo ń wá bọ́tìnnì nínú agolo, hóró oògùn mọ́kànlélógún tí Bàbá kò lò ni mo bá níbẹ̀.

Nígbà tí mo bi Bàbá, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ní kí n má máa lò ó, pé ó ń di bárakú. Ó ní ọkùnrin a máa fara dà á."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá yín kúnlẹ̀ ni?"



Mọ́tò lẹ ń wà níbẹ̀ yẹn, ẹ kì í ṣe dókítà. Dókítà ní irora tó bá ti gòkè tán kì í tètè gbọ́ oògùn, àti pé iṣẹ́ òun ni láti ṣọ́ bárakú. Èmi tí mò ń wẹ Bàbá, wọn ò gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ pé ẹ ṣàṣìṣe.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín, kó má jẹ́ kí irora bá yín níbi tí ẹni tó jìnnà ti ń pàṣẹ.

Èmi àbúrò yín.