Àpótí Mẹ́rin Eyínfúnjowó

Jímọ̀, 1 Oṣù Kẹjọ, 1975

Bàbá Wúrà, lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga epo. Rebecca akọ̀wé wa kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbà á kà fúnra mi. Igba rọ́bà pọ́ǹpù tí a ṣèlérí gbọ́dọ̀ wà ní sítọ̀ọ̀ wọn kó tó di ọ̀sán Sátidé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí. Bí kò bá sí níbẹ̀, Akínsànmí ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún.

Akínsànmí — ẹni tí mo sọ ní Bàálù, torí bàálù ló fi ń kó ọjà rẹ̀ wọlé, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bá a figagbága. Ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Rọ́bà wa ti dé, kò sì tíì dé. Ó wà nínú ọkọ̀ lójú òkun Èkó láti ìparí oṣù kẹfà, kò ríbi gúnlẹ̀. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti dí gbogbo ojú omi.

Èmi nìyí nínú ilé wa ní Okumagba Layout ní Warri, nínú tákàbá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó kì í jáde. Mo ti ṣe oṣù mẹ́ta ó lé. Mò ń rìn láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, láti ilé ìdáná dé pálọ̀. Wúrà ọmọ yín ní, "Mama, sidon. You wan break floor?"

Sọ́ńdè, 3

Mo ka ọjọ́ tó kù kí ọgbọ̀njọ́ pé lórí kàlẹ́ńdà. Mo tún un kà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà ni.

Àlàrùbá, 6

Ẹ̀gbọ́n yín, Baba Ọjà, ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Main Market wá síbí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún un. Kò mu ún.

Ó ní, "Ìyàwó, iṣẹ́ ọkùnrin nìyí. Pọ́ǹpù, rọ́bà, òyìnbó. Kí lo mọ̀ níbẹ̀?"

Mo ní èmi ni mo ń kọ gbogbo lẹ́tà láti ọdún márùn-ún, ọkọ mi ń buwọ́ lù ú ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé lẹ́tà ló ń kó ẹrù?"

Ó dùn mí torí pé èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó ní bí ọgbọ̀njọ́ oṣù bá kọjá tí ẹrù ò dé, òun óò ta tábìlì àti ẹ̀rọ táípù, òun óò sì kó wa lọ sílé ní Ìsẹ́yìn. Ó ní níbẹ̀ ni Wúrà á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn àgbà ní Yorùbá. Wúrà ti ẹ̀yìn kọ́tìnì sọ̀rọ̀: "I no dey go any Iseyin." Baba Ọjà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

N kò fẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, Bàbá Wúrà. Ibí ni a ti jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Kò tíì tó àkókò tí ó yẹ kí ó parí.

Sátidé, 9

Òjò. Kò sí wáyà láti Èkó.

Àtàlátà, 12

Wáyà dé. Eyínfúnjowó àbúrò yín ní kí n ṣe sùúrù. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí wáàfù Àpápá, ó ní ọkọ̀ tó wà níwájú tiwa kò níye, ó ṣeé ṣe kó di oṣù Kejìlá.

N kò lè jókòó. Mo ro ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró. Igba rọ́bà — àpótí mẹ́rin péré. Kí ni àpótí mẹ́rin ń tò sẹ́yìn sìmẹ́ńtì fún? Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja ní ọjà Ogbe-Ijoh kì í dúró kí ọkọ̀ ńlá dé etí omi. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń lọ pàdé rẹ̀.

Mo ní kí Rebecca tẹ wáyà padà: kí ó háyà bọ́ọ̀tì, kí ó lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ náà lójú òkun, kí ó gba àpótí mẹ́rin wa, kí sìmẹ́ńtì máa bá tirẹ̀ lọ.

Rebecca wò mí. "Madam, dem go gree?"

Mo ní ẹni tó ti wà lójú omi láti oṣù kẹfà á gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i.

Jímọ̀, 15

Ọ̀gá ọkọ̀ gbà. Mo jẹun lónìí, mo sì mọ ohun tí mo jẹ.

Àtàlátà, 19

Ẹrù ti wà lórí ilẹ̀ ní Àpápá. Ó ku kí kọ́sítọ́ọ̀mù fi í sílẹ̀.

Àárọ̀ yìí kan náà ni Bàálù yà síbí. Agbádá funfun, gíláàsì dúdú. Ó dúró ní ẹnu fèrèsé torí pé n kò ṣílẹ̀kùn. "Ìyá Wúrà, ẹ kú ìrọ́jú."

Mo ní, "Ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀."

Rebecca dojú bo ẹ̀rọ táípù kí ó má bàa rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n má da ara mi láàmú, bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun óò gba Rebecca sí ọ́fíìsì òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàánú. Kò mọ̀ pé ẹrù ti gúnlẹ̀. N kò sọ fún un. Ẹ̀rín ń pa mí di ọ̀sán.

Àlàmísì, 21

Bàbá Wúrà, mo ti bà á jẹ́.

Wáyà dé: kọ́sítọ́ọ̀mù kò fi ẹrù sílẹ̀. Nínú ìwé ẹrù, orúkọ ẹni tó máa gbà á ni "Mr. E. Funjowo". Wọ́n ní kí Ọ̀gbẹ́ni Funjowo mú ìwé ara rẹ̀ wá. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Àpápá.

Èmi ni. Nínú oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí a sin yín, Rebecca jókòó sídìí táípù láti kọ̀wé sí àwọn ará Liverpool tó ń ta rọ́bà fún wa. Ó ní, ta ló máa gba ẹrù l'Ékòó? Mo ní Eyínfúnjowó. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo wọlé yín. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni mo sọ ọ́ lórúkọ, nítorí eyín rẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún, orúkọ rẹ̀ gan-an kò tíì kan ahọ́n mi. N kò tíì kọ ọ́ sínú ìwé yìí pàápàá.

Rebecca, ọmọ Urhobo, kò mọ̀ pé àpèlé ni. Ó gé e sí méjì bí òyìnbó ṣe ń gé orúkọ. Mo ka lẹ́tà náà kí ó tó lọ. Kò sí ohun tó jọ àṣìṣe lójú mi níbẹ̀.

Eyínfúnjowó ní nígbà tí òun ṣàlàyé fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pé orúkọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ń pe òun ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí ó lọ mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.

Jímọ̀, 22

Kí àwọn ará Liverpool tún ìwé kọ — ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A ò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, akọ̀wé lọ́yà ní òpópónà kejì, wá wò ó. Ó ní ọ̀nà kan ló wà: kí ẹni tó fún un ní orúkọ náà lọ búra ní kóòtù Warri pé ẹnì kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì. Kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo ránṣẹ́ sí Baba Ọjà. Ó ní, "O ò ní jáde. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá péré, o fẹ́ já tákàbá ọkọ rẹ nítorí rọ́bà?"

Sọ́ńdè, 24

Àlfáà Ọlátẹ́jú jókòó láàárín wa. Ó ní bí ọ̀ranyàn bá gbé opó jáde lójúmọmọ, tó sì padà sùn sílé ọkọ rẹ̀, tákàbá rẹ̀ kò já. Baba Ọjà ní kò sí ọ̀ranyàn kankan nínú rọ́bà. Àlfáà ní, "Àlàájì, ẹ̀yin ló ń bọ́ wọn?"

Baba Ọjà wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Àtìnì, 25

Mo jáde.

Oòrùn kọlù mí lójú ní géètì, mo di Rebecca mú. Ọ̀nà dà bíi pé wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ sí i. Takisí, kóòtù, bẹ́ǹṣì gígùn kan. Wọ́n gbé Kùránì fún mi.

Akọ̀wé kóòtù ní, orúkọ ẹni náà gan-an? Ẹnu mi kò ṣí. Ó tún bi mí. Mo ní, "Àbúrò ọkọ mi." Ó ju bírò sílẹ̀. "Madam, you no sabi the man?"

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀.

Mo ní: Mùsbáù. Mùsbáù Adégbọlá.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀. Fáànù ń yí lókè. Kò sí ohun kankan tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé nǹkan á ṣẹlẹ̀.

Mo padà wọlé kí aago méjì tó lù.

Àtàlátà, 26

Rebecca gbé ìwé ìbúra lọ sí Èkó láàárọ̀. Kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun náà ló táípù ú.

Àlàmísì, 28

Wọ́n ti fi ẹrù sílẹ̀. Lọ́rí kúrò ní Àpápá lónìí, Rebecca wà níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà.

Jímọ̀, 29

Òjò láti àárọ̀. Wọ́n ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, pé ọkọ̀ tò síbẹ̀. Mo ń lọ sí fèrèsé, mo ń bọ̀.

Sátidé, 30

Ọ̀sán kọjá. Mo gbọ́ ìpè Àsùbáà, mo gbọ́ ìpè Àílà, n kò gbọ́ lọ́rí.

Aago méjì kọjá díẹ̀, ó dé. Rebecca sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n ti lọ sí sítọ̀ọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, géètì ti tì, olùṣọ́ ní kí wọ́n padà wá ní Àtìnì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún. Mo jókòó tì í.

A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Jíìpù kan dúró. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹni tó sọ̀ kalẹ̀, Olúgbémiga, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà tó ń bójú tó kànga epo. Láti Èkó ni wọ́n ti gbé e wá. Pọ́ǹpù rẹ̀ ti ń jò láti Àlàrùbá. Ó ti lọ bá Bàálù, Bàálù ní ọjà òun ṣì wà ní ìlú òyìnbó, Àtìnì ni bàálù máa balẹ̀. Olùṣọ́ sítọ̀ọ̀ ló júwe lọ́rí wa fún un.

Ó fi irin táyà ṣí àpótí kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ rọ́bà. Mo ní sítọ̀ọ̀ ti tì, a ti pẹ́. Ó ní, "Ìyá, kànga ò mọ Sátidé. Níbo ni kí n buwọ́ lù?" Ó buwọ́ lu ìwé ẹrù, ó kọ ọjọ́ òní sí i.

Wọ́n ń kó àpótí ìkẹrin sínú Jíìpù nígbà tó bi mí: "Mélòó ló kù nílé?"

Mo ní kò sí.

"Akínsànmí náà ò ní. Ọjà tó wà lójú òkun tàbí lójú sánmà ni gbogbo yín ń tà fún wa." Ó ní nígbà tí ọdún bá yí, iṣẹ́ ọdún gbáko máa jẹ́ ti ẹni tí òun lè wá bá ní Warri, kí òun sì fi ọwọ́ òun gbé ọjà kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Sọ́ńdè, 31

Baba Ọjà gbọ́. Ó wá. Ó mu omi lónìí. Ó ní, "Ìyàwó, o láyà." N kò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí. Kò dárúkọ Ìsẹ́yìn.

N kò sinmi. Mo kó gbogbo fáìlì yín jáde. Igba rọ́bà ń tó wọn fún oṣù méjì. Ọkọ̀ ń gba oṣù mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin. Nítorí náà irinwó gbọ́dọ̀ wà nílé kí a tó ránṣẹ́ béèrè òmíràn. Àpótí mẹ́jọ, nígbà gbogbo. Kí a má tún sáré mọ́. Kí ọjà ti dúró de àwọn tó ń wá a.

Ibo la máa kó o sí? Rebecca ti wádìí: láti wáàfù Warri dé Jakpa Road, kò sí sítọ̀ọ̀ kan tó ṣófo. Àwọn oníléeṣẹ́ epo ti gbà á tán.

Àlàmísì, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Tákàbá parí. Àwọn obìnrin mọ́sálásí wá, mo wẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n lọ lẹ́yìn Àílà.

Mo ṣí yàrá yín. N kò wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tí a sin yín. Ó gbẹ. Fèrèsé rẹ̀ ní irin, ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ tó dáa. Rebecca di téèpù mú lápá kan, mo dì í mú lápá kejì. Bí bẹ́ẹ̀dì bá kúrò, ó gba àpótí méjìlá, kí ènìyàn sì ríbi kọjá. Bí bẹ́ẹ̀dì bá wà níbẹ̀, kò gba nǹkan kan.

Mo ti ka àwọn aṣọ yín, mo ti ká wọn. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́la wá tú bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má bínú. Ẹ sún díẹ̀ fún mi.