Ìyá Táwẹ́lì, Ẹni Tó Dá Ìjà Dúró

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọdún 1949 ni wọ́n bí màmá wa, ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí ìyá tó bí wọn ti ń lọ aṣọ. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn. Wọ́n ní igbe tí Màmá ké lọ́jọ́ náà jí àwọn tó ń sùn ní òpópónà kejì. Àwa ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ò jiyàn ẹ̀.

Wọ́n kàwé díẹ̀, wọ́n kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù àwọn tó fara gbọgbẹ́ lórí ni wọ́n fi wọ́n sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni Bàbá ti rí wọn ní 1972. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn niṣẹ́ Bàbá, Ààrá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ tó dùbúlẹ̀ àìsàn ni wọ́n wá kí, ni wọ́n bá gbàgbé ọ̀rẹ́, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìgbéyàwó.

Ẹ wá gbọ́ ti 1978. Ìjà tó máa sọ Bàbá di ọ̀gá gbogbo akànṣẹ́ ni. Màmá lóyún ọmọ kejì, àwọn ni wọ́n di táwẹ́lì mú ní igun Bàbá. Bí ará igun ẹ bá ju táwẹ́lì sínú ríìngì, ìjà parí nìyẹn, o ti pàdánù. Bàbá ló sì ń borí o. Àmọ́ Màmá wo ojú ọkọ wọn, wọ́n rí ojú tí wọ́n máa ń rí ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ju táwẹ́lì.

Ariwo sọ. Àwọn òǹwòran ń ju bàtà lu aboyún. Ìyá Táwẹ́lì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn kiri àdúgbò. Ká má purọ́, Bàbá gan-an yan odì. Bí wọ́n bá fẹ́ iyọ̀, àkọ́bí tí ò tíì lè pe iyọ̀ já ni wọ́n ń rán sí Màmá. Nígbà tó yá wọ́n ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ìjà yẹn nínú ilé.

Ẹni tí Bàbá bá jà, Àpáta, ló gba ipò ọ̀gá. Ó jà, ó jà, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ní 1991, Bàbá bá a lójú títì, ó ń bi àwọn tó ń kọjá pé ọ̀nà ilé òun dà. Ilé ẹ̀ ló kẹ̀yìn sí yẹn. Kò dá Bàbá mọ̀.

Bàbá délé, wọ́n wọ kíṣìnì, wọ́n kúnlẹ̀. Ààrá, tí ẹ̀ṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò mú kúnlẹ̀ rí. Wọ́n ní, “Ìyá àwọn ọmọ, orí mi lo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

Màmá ní, “Ẹ dìde, ẹ ti kúnlẹ̀ lé àlùbọ́sà mi. Ọ̀dọ̀ Àpáta ló yẹ ká lọ.”

Bí iṣẹ́ tí Màmá ń ṣe fáwọn akànṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Sátidé, àwọn akànṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì á kóra jọ, Màmá á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Màmá kì í bi wọ́n pé ṣé ara le, torí akànṣẹ́ ò ní sọ pé ara ò le láé. Wọ́n á ní kí kálukú ròyìn ìjà tó dùn mọ́ ọn jù. Ẹ mọ̀ pé irọ́ ló máa pọ̀ níbẹ̀. Màmá ní ẹni tó bá ń fi ata tuntun sírọ́ ẹ̀, ọpọlọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ tán tó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n ń fọwọ́ mú lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn aládùúgbò tó wá gbọ́ irọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í na apá pé kí wọ́n yẹ tàwọn náà wò. Màmá ò sì simi títí àwọn kóòṣì fi gbà pé ọ̀dọ́ tó bá dákú nínú ìjà ò gbọdọ̀ padà jà láìjẹ́ pé dókítà gbà bẹ́ẹ̀. Kí Màmá tó jáde lọ ṣe gbogbo ẹ̀, Ọlọ́run ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí láàárọ̀.

Màmá dákẹ́ lóṣù tó kọjá. Àwa ọmọ jókòó láti kọ àwọn tí Màmá fi sáyé lọ, à ń jiyàn lórí ọmọọmọ tó yẹ kó ṣáájú. Bàbá ní ká dákẹ́, ká máa kọ ọ́ bí òun bá ṣe ń pè é. Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bàbá dijú, wọ́n ń pe kálukú lórúkọ tí wọ́n ń pè é nílé: Télọ̀, àkọ́bí, àti ọkọ ẹ̀; Tíṣà, tó wà níkùn lọ́jọ́ ìjà; Awakọ̀ àti ìyàwó ẹ̀. Àwọn ọmọọmọ: Eléyín-gán, Ọ̀gá Kékeré, Onígbe, Arẹwà tó fọ́ fèrèsé, “tí ò tíì jẹ́wọ́,” àti Àlejò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọn ò fo ẹnì kankan. Orí tí Màmá gbà sílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bàbá lajú, wọ́n ní, “Ẹ kọ ọkọ ẹ̀ náà sí i. Mo ṣì wà níbí.”

Màmá, gbogbo wa pé lẹ́nu Bàbá. Ẹ sùn, kí oorun náà dùn mọ́ yín o.